Gìtá Olókùn Mẹ́jọ tí Bàbá Mi Kàn

Ní ọdún tí bàbá mi kan gìtá olókùn mẹ́jọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, obì ló sì kún ilé wa. Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ṣòwò obì gbàǹja. Ní kùtùkùtù ni àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń dé. Wọ́n á jókòó sórí àpótí yí agbọ̀n ká, wọ́n á máa bó èèpo funfun kúrò lára obì, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n mìíràn kí àwọn oníbàárà láti Sábó tó wá gbé e. Ìró tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá ti jí nìyẹn: obì tó ń já sínú omi, àti ìfági bàbá mi tó ń fá pátákó lẹ́yìn ilé. Káfíńtà ni bàbá mi. Abẹ́ páànù kan tó fara ti ògiri ilé ìdáná ló ti ń ṣiṣẹ́, èéfín ẹ̀fọ́ àti èéfín ẹja sì máa ń bá eruku igi pàdé níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo àga tó bá kàn máa ń ní òórùn ọbẹ̀ díẹ̀ kí fáníìṣì tó bò ó. Ìyá mi ń kọ́ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé náà ní Ṣágámù: Màmá, bàbá mi, ìyá mi, àti èmi Ṣadé. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn nígbà náà, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ wá láti apá ibẹ̀, a máa ń gbọ́ tírélà lọ́sàn-án gangan bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wa ló ń gbà kọjá.

Kí bàbá mi tó di káfíńtà, ó ti gbé Èkó rí. Ọdún mẹ́ta ló fi bá ẹgbẹ́ eléré kan ta gìtá níbẹ̀, kí bàbá tirẹ̀ tó kú, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i pé kó wá dúró ti ìyá rẹ̀. Gìtá olókùn mẹ́fà kan tó ń lo iná, àti àpótí sípíkà tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, ni ẹrù tó gbé bọ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé nígbà tí òun kọ́kọ́ wọlé ọkọ, òun rò pé aṣọ ló wà nínú àpótí náà. Bàbá mi kì í ta á lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù fún un ni ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ọjọ́ yẹn ni Màmá máa ń kọrin. Ọjọ́ Sátidé ni ìjọ tiwa máa ń sin Ọlọ́run. Láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni Màmá ti ń fi ewé bo agbọ̀n obì, tí bàbá mi náà á sì nu ìfági rẹ̀ gbẹ, gbogbo ilé á wá pa rọ́rọ́. Orin kan ṣoṣo ni Màmá ń kọ lọ́jọ́ ìkórè. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a. Ẹsẹ mẹ́ta ni: ẹsẹ kìn-ín-ní sọ̀rọ̀ òjò, ẹsẹ kejì sọ̀rọ̀ igi obì, ẹsẹ kẹta dárúkọ àwọn tí wọn kò dúró de ìkórè ọdún náà. Bí ọdún bá yí, orúkọ inú ẹsẹ kẹta á yí pa dà, àwọn ènìyàn á sì máa dúró de ìgbà tí yóò dé ibẹ̀, torí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó máa dárúkọ. Gìtá bàbá mi ló máa ń tẹ̀ lé e.

Etí Màmá kò di lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohùn tèmi ló kọ́kọ́ sọnù fún un, nítorí ohùn mi tín-ín-rín nígbà náà. Á ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kì í la ẹnu.” (Èdè Rẹ́mọ gan-an ni Màmá ń sọ. Bí àwa bá ní “kí lo ń ṣe”, òun á ní “kí wo ń ṣe”. Mo ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa dà níhìn-ín kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ọ.) Lẹ́yìn ohùn mi, ó di ohùn ìyá mi, ó di ìró ewúrẹ́, ó di agogo ilé ìwé. Ní ìkórè ọdún tó ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí, ó dìde láti kọ orin rẹ̀, ibi tó ti gbé e kò sì bá ti gìtá mu. Bàbá mi sáré yí ọwọ́ pa dà kó lè bá a níbi tó wà, àmọ́ kó tó débẹ̀, Màmá ti lọ sí ibòmíràn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí àga àwọn ọ̀dọ́. Ẹnì kejì bá a rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó ṣe ojú Màmá. Ó rí wọn. Ó parí ẹsẹ kìn-ín-ní, ó sì jókòó. Nígbà tí a délé, ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó ní, “Ó tán. Ẹ má fi orúkọ mi sínú ìwé ètò mọ́.” Láti ọjọ́ náà kò kọrin mọ́, kódà nídìí obì. Àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn náà dákẹ́, torí òun ló máa ń dá orin fún wọn. Ní báyìí tí èmi náà ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe àìgbọ́ ọ̀rọ̀ ló dùn ún jù. A máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún un. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè tún ohùn orin sọ fún ènìyàn.

Bàbá mi ló rí i pé etí náà kò di tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, pátákó ńlá kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá tí mo ti pè lẹ́ẹ̀mẹrin pé oúnjẹ ti délẹ̀ sì yíjú pa dà kíá, ó ní, “Kí ló wó?” Bàbá mi dúró, ó ń wò ó. Ó wọlé, ó gbé gìtá jáde, ó so ó mọ́ àpótí sípíkà, ó sì gbé àpótí náà sí ẹ̀gbẹ́ àga Màmá. Ó fa okùn tó tín-ín-rín jù. Ẹnu rẹ̀ ni Màmá ń wò, ó rò pé ó ń sọ̀rọ̀ ni. Ó fa èkejì, ó fa ẹ̀kẹta, títí ó fi dé èyí tó nípọn jù. Màmá gbé ọwọ́ sókè.

“Èyí. Ó dà bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri.”

Bàbá mi tẹ̀ ba, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gan-an, torí ohùn ìsàlẹ̀ ni Màmá máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ṣé ẹ mọ orin tó ń sọ?”

“Ó jìnnà,” ni Màmá wí. “Tó bá sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, mo lè mọ̀ ọ́n.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gìtá olókùn mẹ́jọ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ fi okùn méjì kún mẹ́fà, méjì tí ohùn wọn á rẹlẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, tí Màmá á sì lè tẹ̀ lé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ibùdókọ̀, Bàbá Mọ́rúfù, ló lọ bá. Mo tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ náà. Bàbá Mọ́rúfù gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ṣebí wọ́n ń ta gìtá béèsì l'Ékòó. Ra ọ̀kan, kó o sinmi.”

“Ta ni yóò wá ta èyí tó kù?” ni bàbá mi bi í. “Èmi nìkan ni mò ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Màmá nílò ti ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn nílò ti òkè. Orí igi kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí méjèèjì wà.”

“Ṣé o ti rí irú ẹ̀ rí?”

“Mi ò rí i rí.”

“Èmi náà ò rí i rí,” ni Bàbá Mọ́rúfù wí, ó sì tú sípíkà bíbàjẹ́ kan, ó yọ òòfà inú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Òun ló ṣe ẹ̀yà tó ń gba ìró láti ara okùn. Òòfà ni, tí ó fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun wé yíká fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ẹnu ni ó fi ń kà á bó ṣe ń wé e. Bí ènìyàn bá kí i, kò ní dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìpè àdúrà bá a lẹ́nu kíkà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló gbé e sílẹ̀ lọ kírun, tó gbàgbé iye tó kà, tó sì tú gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

Ọrùn gìtá ni iṣẹ́ tó le jù. Bàbá mi kọ́kọ́ na okùn nípọn kan láàárín ìṣó méjì lórí pátákó. Nígbà tí ìṣó méjèèjì sún mọ́ra bí ti gìtá tó ti wà tẹ́lẹ̀, okùn náà kàn ń jó bí okùn ìsáṣọ ni, kò ní ohùn gidi. Ó ń sún ìṣó kan sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ohùn náà fi dúró. Ó wọ̀n ọ́n: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mìlímítà lé mọ́kànlá. Ó ní ọrùn gìtá tuntun máa gùn nìyẹn. Igi ọrùn náà gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, okùn mẹ́jọ á fà á wọ́. Ó ní ìrókò kan tó ti gbẹ, tó ṣẹ́kù lára àga ìwàásù tó kàn fún ìjọ kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìyẹn nìkan ló sì ní. Ó wá ku àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń dábùú ọrùn gìtá, èyí tí ìka ń tẹ okùn mọ́. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló ti kọ́ bàbá mi l'Ékòó bí wọ́n ṣe ń mọ àyè wọn: wàá pín gígùn okùn sí ọ̀nà méjìdínlógún, wàá yọ ìdá kan, ibẹ̀ ni irin àkọ́kọ́, wàá tún pín ìyókù sí méjìdínlógún, wàá yọ ìdá kan, ibẹ̀ ni èkejì, títí dé ìkẹrìnlélógún. Bàbá mi kò kọjá Pírámárì mẹ́rin. Ìyá mi ní ìwé ọmọ ilé ìwé tó ń máàkì. Èmi sì ni mo máa ń gba ipò kìn-ín-ní nínú ìṣirò ní kíláàsì wa, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Bàbá mi gbé ìwé kan fún mi, ó ní, “Iṣẹ́ rẹ nìyí, Ṣadé. Ohun tó o bá kọ ni mo máa gé.”

Inú mi dùn débi pé mo sọ fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń pín, mo ń yọ. Ìkọ́kọrẹ́ ni ìyá mi ń sè lọ́jọ́ náà, ó sì ti ń bù ú sínú abọ́ nígbà tí mo dé irin kẹfà. Mo fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́ nígbà tó ṣì ń gbóná, tí epo ṣì ń yọ lójú rẹ̀. Mo sáré ṣe ìyókù. Mo gbé ìwé fún bàbá mi, ó kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ìwé ẹ̀rí, mo sì lọ jẹun.

Odindi oṣù kan ló fi ṣe ọrùn náà. Ó fá a, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, ó fi ayùn tó mú jù lọ gé ojú irin mẹ́rìnlélógún, ó kan irin náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi ọmọ̀, tí kò wúwo, ló fi ṣe ara gìtá. Ọjọ́ tó fa okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí i, Bàbá Mọ́rúfù wà níbẹ̀, àwọn obìnrin oníṣẹ́ obì náà sì dìde wá wò ó. Irin kìn-ín-ní dé ìkẹfà dára. Láti ìkeje lọ sókè, ohùn ò bá ara wọn mu mọ́. Ó ń dunni létí bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Bàbá mi yí okùn, ó tún un yí. Ó gbé gìtá náà sójú, ó ń wo ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀nà tó jìn. Nígbà tó yá, ó ní, “Ayùn ló yà mọ́ mi lọ́wọ́.” Kò sí bó ṣe lè tún un ṣe lórí igi kan náà. Ojú tuntun á sún mọ́ ojú àtijọ́ jù, igi tó wà láàárín á sì ya. Ìkórè ku oṣù méjì.

Ní ọjọ́ kejì, mo yọ ìwé náà lára ògiri wò nígbà tí kò sí nílé. Irin keje: méjìdínlọ́gbọ̀n ló yẹ kí n yọ. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, àmọ́ mi ò pa ojú mẹ́jọ inú 28 náà dé, nítorí ìkánjú. Nígbà tí mo fẹ́ yọ ọ́, mẹ́ta ni mo kà á sí. Mẹ́tàlélógún ni mo yọ, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Mo dá ìwé náà pa dà sára ìṣó rẹ̀. Bàbá mi wọlé, ó mú ayùn rẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè sọ ọ́ fún ni ẹni tí mo rò pé kò lè gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó ti Màmá nídìí omi obì, mo ń fọ obì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìkọ́kọrẹ́, mẹ́jọ, mẹ́ta. Mo sunkún díẹ̀. Màmá ń wò mí ní gbogbo àkókò yẹn, kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó nawọ́ gba obì tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Èyí ti mọ́. Mú òmíràn.” Títí ó fi kú, mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ mi.

Bàbá mi wá igi káàkiri. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó ní Ògèrè, ó lọ sí Ìsarà, ó dé Ìjẹ̀bú Òde. Igi tútù ni wọ́n ń tà níbi gbogbo, torí òjò. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, a ń jẹun lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi sì ń sọ fún ìyá mi pé òun máa sún gìtá náà sí ọdún tó ń bọ̀. Màmá gbé ọwọ́ tó fi ń jẹun sókè, ó tọ́ka sí àjà.

“Igi kan wà lókè yẹn,” ni ó wí.

Gbogbo wa mọ igi tó ń sọ. Pátákó ọ̀gànwó mẹ́rin ni, tí Màmá fi owó obì rà lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, tó ní kí bàbá mi kó pamọ́ láti fi kan pósí òun lọ́jọ́ tí òun bá lọ. Wọ́n ti wà lókè àjà láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ìyá mi máa ń sọ pé kí n má wo apá ibẹ̀ bí mo bá ń jẹun. Bàbá mi gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Màmá, tiyín nìyẹn.”

“Ṣé mo ní ti ẹlòmíràn ni? Ó ti gbẹ. Ọ̀kan ni kó o mú.”

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìsarà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń ṣòwò aṣọ níbẹ̀, tí a ń pè ní Ìyá Ìsarà, wọlé wá ní ọ̀sán Àìkú, kò jókòó, kò gba omi. Pátákó náà ti wà nílẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́.

“Káyọ̀dé, òótọ́ wá ni? Igi pósí ìyá wa lo fẹ́ fi ṣe nǹkan eré?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná.”

“Mi ò jókòó. Bí Màmá bá kú lọ́la ńkọ́? Ṣé inú gìtá la ó sin ín sí?”

Ìyá mi sáré wọ ilé ìdáná kí wọ́n má baà rí i pé ẹ̀rín ń pa á. Màmá ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó kọjú sí bàbá mi, ó ní, “Kí ló ń wí?” Bàbá mi tẹ̀ ba lẹ́tí rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan inú gìtá. Kò yọ nǹkan kan kúrò. Màmá ní, “Sọ fún un pé mo ti rù púpọ̀. Mẹ́ta tó kù á gbà mí.” Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin oníṣẹ́ obì bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Ìsarà dúró pẹ́ kó tó jókòó. Ó ní òun kò fara mọ́ ọn, àti pé òun máa wá síbi ìkórè náà láti fi ojú ara òun rí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Nígbà tó ṣe, ó gba omi.

Ọjọ́ kejì ni bàbá mi fẹ́ sàmì sí ọ̀gànwó náà. Ó fá a tán, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí epo tí kò tíì gbóná. Ó ní kí n wá di orí rúlà mú. Ó yọ ìwé mi lára ògiri, ìwé kan náà, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ igi, ó fi pẹ́ńsùlù sí ẹ̀yìn etí. “Ayùn náà kò ní yà mọ́ lọ́tẹ̀ yìí,” ni ó wí. “Mo ti pọ́n ọn dáadáa.” Ó sàmì irin kìn-ín-ní. Ó sàmì èkejì. Rúlà náà ń yẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n dì í mú dáadáa. Mo ń ronú pé bóyá mo lè sún rúlà náà díẹ̀ tó bá dé ìkeje, kí ó lè bọ́ síbi tó yẹ, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Mo mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe fún gbogbo àwọn tó kù. Ó sàmì ìkẹfà.

“Bàbá mi, ẹ dúró.”

“Kí ló dé?”

“Ayùn kọ́ ló yà. Èmi ni. Mẹ́jọ ni mo kà sí mẹ́ta.”

Ó mú ìwé náà, ó gbé e jáde sínú oòrùn, ó wò ó. Mo rí ìka rẹ̀ tó dúró lórí irin keje. Ó pa dà wọlé. “Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Ọjọ́ kejì tí ẹ dán an wò.”

“Ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó jókòó sórí àpótí. Mo ti kúnlẹ̀, mò ń dúró de ìyà. Ohun tó sọ ni pé, “Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pọ́n ayùn tí kò ṣe nǹkan kan.” Kò pariwo. Títí di òní, bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ara mi á bù máṣọ. Nígbà tó yá, ó ní, “Lọ mú ìwé tuntun wá. Kọ mẹ́jọ fún mi lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n, kí o sì pa ojú gbogbo wọn dé.” Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n ṣe ìṣirò náà láti òkè wá, níwájú òun, kí ìyá mi sì tún un wò. Mo rò pé yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi pátápátá. Kò gbà á. Èmi ni mo di rúlà mú títí dé irin ìkẹrìnlélógún.

Ìrọ̀lẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìkórè ni gìtá náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá mi gbé àpótí sípíkà sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Màmá, ó sì fa okùn kẹjọ. Kì í ṣe ohùn tí mo lè ṣàlàyé dáadáa. Ikùn ni mo ti gbọ́ ọ ju etí lọ, omi inú ọpọ́n obì sì ń mì. Bàbá mi tún un fà, ó rìn láti orí irin kan sí òmíràn, lọ́ra, bí ìbẹ̀rẹ̀ orin ẹsẹ kìn-ín-ní ṣe lọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún, ẹnu rẹ̀ ní pípadé. Ó bá a mu. Àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn ò gbé ojú sókè, wọn ò sì dẹ́kun àtibó obì, bí ẹni pé bí wọ́n bá wò ó, ó máa dáwọ́ dúró. Màmá kùn ún dé òpin. Ó wá ní, “Ṣé wọ́n ti tẹ ìwé ètò ìkórè?” Bàbá mi ní rárá. Ó ní, “Kí wọ́n fi mí sí i.”

Mi ò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Ìsarà sì jókòó síwájú, ó di apá mọ́ àyà. Bàbá mi gbé àga kan sílẹ̀ fún Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí sípíkà, Màmá sì bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lásán lé orí pákó tí àpótí náà dúró lé. Àwọn ènìyàn ń nawọ́ sí gìtá náà, wọ́n ń ka okùn rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Màmá jẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé kò gbọ́. Ìgbà kẹta ló wọ inú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó wà ló wà. Ó parí òjò. Láàárín ẹsẹ kejì, ó fẹ́ yà. Mo gbọ́ ọ, mo sì rí i tí bàbá mi gbójú sókè wò ó. Bàbá mi fi àtàǹpàkò fa okùn kẹjọ gbọ̀ngbọ̀n, Màmá tẹ orí díẹ̀, ó sì pa dà síbi tó yẹ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ kẹta dé. Orúkọ ọdún méjì ló dárúkọ, ti ọdún tó kọjá tí kò kọ àti ti ọdún yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Bó bá ti dárúkọ ẹnì kan, àwọn ará ilé ẹni náà á dìde dúró níbi tí wọ́n wà. Nígbà tó fi máa parí, ó ju ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì lọ tó ti dìde. Ìyá Ìsarà ń fi etí gèlè nu ojú, ó sì ń sọ fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé eruku inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí pọ̀.

A délé, ìrẹsì ọ̀fadà la jẹ. Ìyá Ìsarà ló bù ú, òun ló fi ẹran tó tóbi jù sínú abọ́ Màmá, kò sì sọ̀rọ̀ igi rárá. Gbogbo wa ń wo Màmá, Màmá sì ń jẹun. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, ó fi aṣọ nù ún, ó kọjú sí bàbá mi.

“Káyọ̀dé, okùn ìsàlẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù ní ẹsẹ kẹta. Ó ń bo ohùn mi.”

Bàbá mi kọ́kọ́ wò ó. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀, tí ìyá mi náà bá a rẹ́rìn-ín, tí èmi náà ń rẹ́rìn-ín tí mo sì ń sunkún. Màmá ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ le, kò rí ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mo ní ó ń pariwo jù. Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ni?”